Orí Kẹrin: Abọ́ Omi Irun

"Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún omi gbígbóná!"

Bí mo ṣe ń pariwo yìí ni mò ń sáré lórí afárá èbúté, abọ́ wà lọ́wọ́ mi, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Omi náà ò gbóná mọ́ rárá, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ní Ẹ̀pẹ́ wa yìí, kò sí ohun tó ń mú èrò yà lọ́nà bí omi gbígbóná. Ọkọ̀ méjìlá ló so mọ́ èbúté. Wọ́n ti na ìgbòkun wọn sókè kó máa jẹ oòrùn, àwọn awakọ̀ ń kọrin, àwọn obìnrin ń jó. Ọ̀sán gangan ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ní ọ̀sán gangan ni Òǹtẹ̀, èdìdì àṣẹ àwọn àgbà ìdánwò, máa balẹ̀ lórí Dídán, irun tí àǹtí mi fi ọdún mọ́kànlá ṣe, kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tó kó o lọ sí ogójì ìlú.

Èmi, Ìbíyẹmí, ni olùdánwò rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kò léwu fún orí ènìyàn, kò sì léwu fún ọ̀sà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé abọ́ dé ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, Ìyá Ṣèyí, onídìrí tó lẹ́nu jù lọ ní èbúté, ń fi Dídán ba irun fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ibòji. Òfin fún olùṣe ní ìdì kan ṣoṣo tó lè fi han aráyé kí Òǹtẹ̀ tó balẹ̀, Ìyá Ṣèyí ló sì jà á gbà. Nígbà tó ba irun náà tán, ó nawọ́ sí kẹ́tùlù.

"Ìyá Ṣèyí, kí lẹ fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe?" ni mo bi í. "Dídán ò nílò rẹ̀. Ẹ fi omi tútù tọ́ ìka yín, kí ẹ fún ṣóńṣó irun náà pọ̀, ó ti parí nìyẹn."

"Mo mọ̀." Ó ti ń da omi sínú abọ́. "Wọ́n kọ ọ́ sára ìdì, mo sì kà á. Ṣùgbọ́n irun tí a ò kì bọ omi gbígbóná, ṣé irun tó parí nìyẹn? Bí ẹni jẹun tí kò mu omi ni. Ìbíyẹmí, fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ó ki ṣóńṣó irun ọmọ náà bọ inú abọ́, oru gòkè, ó yọ ọ́, ó fi aṣọ nù ún, irun náà sì ń dán yinrinyinrin. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé abọ́ kí n bá a da omi rẹ̀ nù, mo sì yọjú wo inú rẹ̀ kí n tó dà á.

Àṣà ni. Lẹ́yìn àga onídìrí àǹtí mi ni mo dàgbà sí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa da omi irun nù. Ọjọ́ tí mo da ìlẹ̀kẹ̀ oníbàárà kan nù mọ́ omi ni mo kọ́kọ́ jẹ pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀. "Má da omi nù kí o tó wo inú rẹ̀!" Ó sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ mí lára. Títí di òní, mi ò lè da omi tí mo fi ṣan ife pàápàá nù láì wò ó.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń wá. Ohun tí mo rí ni pé ojú omi náà funfun díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ. Mo mì ín. Nǹkan kan ń kọ mànà nínú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, ó kéré, ó pọ̀.

Ni mo bá sáré.

Lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìdánwò, ìgò ńlá kan wà lórí òpó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ike tí wọ́n yọ nínú ikùn ẹja ọ̀bọ̀kún kan ṣoṣo, láyé àwọn ìyá ìyá wa: ọ̀rá, ìdérí ìgò, àti irun atáṣímẹ́ǹtì dúdú tó ta kókó mọ́ra. Ìgò náà kún dé ọrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi méjèèjì dí, ni mo bá fi iwájú orí kàn án, mo wọlé.

Atọ́wò méjì la ní, ẹ̀rọ tó ń tọ́ omi wò. Èyí tó tóbi wà ní gbọ̀ngàn, ó so mọ́ ìwé àwọn àgbà, ohun tó bá sọ, òfin ni. Èkejì ti gbó, yàrá ìfọwọ́ ni wọ́n gbé e sí, òun la fi ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni mo lọ bá. Mo bu omi abọ́ náà sí i lẹ́nu, ó fà á mu pẹ̀lú ariwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹ̀rún ike tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá lòfin gbà nínú ife kan.

"Ọ̀kẹ́ kan," ni Atọ́wò wí pẹ̀lú ohùn arúgbó rẹ̀. "Ọ̀kẹ́ méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ó lé..."

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́. Mo wá bi í ní ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni ẹ̀rún wọ̀nyí máa tán nínú ọ̀sà? Dídán tí mo mọ̀, oṣù mẹ́ta ni, ó ti di oúnjẹ fún àwọn ohun kéékèèké inú omi. Atọ́wò tún omi náà kà.

"Mi ò rí òpin rẹ̀," ni ó wí.

Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Mo ti lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Irun Dídán, ẹ̀wọ̀n gígùn ni, ẹ̀wọ̀n tó tín-ín-rín ju kí ojú rí i lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni àǹtí mi fi ṣe àwọn òrùka rẹ̀, ó sì so wọ́n lọ́nà tí eyín àwọn ohun inú omi á fi lè já wọn. Omi híhó ń rún ṣóńṣó irun náà, ó sì ń mú kí àwọn òrùka inú ẹ̀rún náà di mọ́ra pinpin. Eyín kankan ò ràn wọ́n mọ́. Mo fò sókè nínú yàrá ìfọwọ́, èmi nìkan.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó ni irun.

Báwo ló ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́? Mo ti dán Dídán wò nínú oòrùn, nínú òógùn, nínú ọṣẹ, nínú iyọ̀, nínú iná, nínú itọ́ ọmọ ìkókó. Èmi fúnra mi ti gbé e sórí oṣù mẹ́ta, torí olùdánwò kì í fọwọ́ sí ohun tí kò lè gbé sára, orí mi ò sì yún mi lọ́jọ́ kan. Àwọn ìyá ìyá wa, inú fínígà kíkan ni wọ́n ń rẹ atáṣímẹ́ǹtì tiwọn sí kó má baà jẹ wọ́n lórí! Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́sàn-án ló kọ ìwé ìdánwò irun. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, orí méje ló pá, àwọn méjì tó kù sì ń fá tiwọn. Wọ́n rántí iná, wọ́n rántí ọtí líle. Wọn ò rántí kẹ́tùlù.

Àǹtí mi ńkọ́? Nítorí kẹ́tùlù gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ Dídán. Omi gbígbóná ti bó mi léjìká rí nígbà tó ń ṣe irun mi, ó sì ti búra pé òun á ṣe irun tí kò ní nílò omi gbígbóná láéláé. Ó ṣe é. Ó wá gbàgbé pé ọwọ́ onídìrí kì í ka ìwé. Àwa tí a mọ̀ nípa kíkì bọ omi, a mọ̀ ọ́n débi pé kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

"Ìbíyẹmí!" Bàbá Òṣínúsì ló yọjú, olórí àwọn àgbà, orí rẹ̀ ń dán ju irun ọmọ Ìyá Ṣèyí lọ. "Oòrùn ti fẹ́ dé àárín orí, o wà níbí, ò ń fọ abọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìbéèrè kan ni mo ní."

"Tètè béèrè."

"Bí olùdánwò bá rí nǹkan ní wákàtí tó kẹ́yìn ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé o rí nǹkan ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni, sà."

Ó wo Atọ́wò arúgbó, ó wo abọ́, ó wá wò mí. "Bí olùdánwò bá la ẹnu, tó ní pupa, pupa ni, wọ́n ti kọ ohun náà nìyẹn. Wọ́n á fọ́ ẹ̀rọ olùṣe, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan iṣẹ́ fún ọdún méje."

"Bó bá wá lọ sọ fún olùṣe ní kọ̀rọ̀?"

"Àwọn méjèèjì á fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ayé. Ìwọ náà mọ èyí, ọmọ mi." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹnìkan ṣoṣo ló lè gba nǹkan padà láìjẹ̀bi, olùṣe fúnra rẹ̀, bí ojú òun fúnra rẹ̀ bá rí àléébù náà, ó sì lè gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún ọdún ni mo ti ń béèrè, mi ò tíì rí ẹni tó gbà á padà rí. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àǹtí mi. Ọdún méje lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọdún méje lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti pa ọwọ́ tó tọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, ogójì ìlú á máa ki Dídán bọ omi gbígbóná, wọ́n á máa da omi náà sínú ọ̀sà, ike á sì tún padà sínú ikùn ẹja. Mo tẹ̀ lé Bàbá Òṣínúsì lọ sí gbọ̀ngàn, mi ò sì gbé abọ́ yẹn sílẹ̀.

Èrò kún gbọ̀ngàn dé ojú fèrèsé. Apá irin Òǹtẹ̀ wà lókè tábìlì, ó ń kùn, ó ń mu oòrùn láti orí òrùlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ìdì Dídán kan sí. Àǹtí Mọ́rẹ̀nikéjì jókòó sórí àga olùṣe, obìnrin kúkúrú, ìka rẹ̀ pọ́n fún èròjà, ó ṣe Dídán sórí bí ọmọge. Ó rí mi, ó ṣẹ́jú sí mi.

"Mọ́rẹ̀nikéjì Adémúyìwá, olùṣe Dídán," ni Bàbá Òṣínúsì wí, "ṣé o gbà á padà?"

"Mi ò gbà á padà!" Gbogbo ilé hó yèè.

"Mo tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé o gbà á padà?"

"Mi ò gbà á padà o!" Wọ́n tún hó. Ìyá Ṣèyí ti fẹ́ máa jó lórí bẹ́ǹṣì, kẹ́tùlù rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún hó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ́tùlù yẹn ni mo rí.

"Ẹ dákun, sà," ni mo wí, mo sì bọ́ sí àárín.

"Olùdánwò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nísinsìnyí!" ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì tó ń fárí wí.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, sà. Ọ̀rọ̀ irun mi ni." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ó ti pé oṣù mẹ́ta lórí mi, ṣóńṣó rẹ̀ ti ń tú. Wọ́n máa ya wá ní fọ́tò láìpẹ́. Mo fẹ́ kí àǹtí mi bá mi tún un ṣe."

"Ìsọkúsọ wo lèyí?" ni àgbà tó ń fárí náà wí.

Bàbá Òṣínúsì wò mí, ó wo abọ́ ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ń rántí abọ́ inú yàrá ìfọwọ́. "Mo ti ka ìwé òfin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Kò síbi tó ti ní kí olùdánwò má ṣe irun. Ẹ ṣe kíá, oòrùn ò dúró de ẹnì kan."

Mo da omi àkọ́kọ́ sínú ife mímu kan, mo gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ Ìyá Ṣèyí, mo da omi híhó sínú abọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí mi. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i, bí mo ṣe máa ń jókòó láti kékeré.

"Ẹ bá mi kì í bọ omi gbígbóná, Àǹtí."

"Ìbíyẹmí, ṣé kò sí? Dídán ò nílò omi gbígbóná. Ṣebí ìwọ lo dán an wò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣáà ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é fún mi tẹ́lẹ̀."

"Ẹ bá a ṣe é jàre!" ni Ìyá Ṣèyí kígbe. "Mo ṣe é fún ọmọ tèmi láàárọ̀ yìí, ẹ wò ó bó ṣe ń dán!"

Ọwọ́ àǹtí mi dúró lórí mi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ni ó ṣu gbogbo irun mi jọ, ó fi aṣọ bo èjìká mi, níbi tí àpá ọjọ́ yẹn wà, ó sì kì í bọ abọ́. Mo gbọ́ oru. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán nígbà tó yọ ọ́. Ó nù ún. Ó gbé abọ́, ó nà án sí mi láti ẹ̀yìn, bó ṣe máa ń nà án sí mi nígbà tí mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ.

"Gbà, lọ dà á nù."

Mi ò na ọwọ́. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra lórí itan, mo ń gbàdúrà. Bó bá gbé e fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti tán.

Abọ́ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ó wá padà sẹ́yìn. Àǹtí mi, tó ti lù mí nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan, kò lè da omi nù láì wò ó.

Mi ò rí ojú rẹ̀. Ojú Bàbá Òṣínúsì ni mò ń wò, òun ló ń wò ó. Mo gbọ́ tí ìka rẹ̀ wọ omi. Mo gbọ́ tí ó ń fi ìka méjì yí nǹkan, àwọn ìka tó lè mọ bí fọ́nrán kan ṣe nípọn tó láìfi ẹ̀rọ wò ó.

"Ó le," ni ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó le bí iyanrìn."

Oòrùn dé àárín. Apá irin Òǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́rẹ̀nikéjì Adémúyìwá," ni Bàbá Òṣínúsì wí kíákíá, "mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣé o gbà á padà?"

"Kò gbà á padà!" ni èrò bá a dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá bẹ́ǹṣì. "Kò gbà á padà!"

Àǹtí mi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ rin fún omi, ó ṣì dì mí lórí mú.

"Mo gbà á padà."

Apá irin náà dúró. Àlàfo tó wà láàárín òun àti ìdì Dídán kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Mo ń gbọ́ àwọn awakọ̀ tó ń kọrin níta, àwọn tí kò tíì mọ̀ pé ọkọ̀ wọn á padà sílé lófìfo. Ìyá Ṣèyí bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?" ni ó ń wí.

Àǹtí mi yí mi kojú sí ara rẹ̀. Omijé ti kún ojú rẹ̀. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, ì bá sì tọ́ sí mi.

"Ọdún mọ́kànlá," ni ó wí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dákẹ́. Mẹ́rin nínú ọdún náà ni mo fi wá ohun tó lè mú ẹ̀wọ̀n yìí le, kí n lè fi ṣe pákó ọkọ̀ tí kò ní jẹrà. Mo yan án, mo lọ̀ ọ́, mo fi iná jó o, kò le! Mo ti sọ̀rètí nù." Ó gbá mi ní àyà pẹ̀lú ọwọ́ tútù náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àti ẹkún papọ̀ lójú kan. "Kẹ́tùlù! Ìbíyẹmí, inú kẹ́tùlù ló wà!"

Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo dì mọ́ ọn. Irun mi ṣì ń kán sílẹ̀. "Oṣù mẹ́ta," ni mò ń wí sí i létí, "oṣù mẹ́ta péré ni, ẹ lè gbé Dídán padà wá," ó sì ń dáhùn pé Dídán á dúró ná, òun fẹ́ mọ bí omi náà ṣe gbóná tó, ìṣẹ́jú mélòó, ṣé omi kànga ni àbí omi òjò.

Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, àgbà tó ń fárí, ẹni tó pe ọ̀rọ̀ mi ní ìsọkúsọ, ti ń palẹ̀ tábìlì mọ́ nítirẹ̀. Ó mú ìdì Dídán kúrò. Ó ká aṣọ. Ó gbé abọ́ omi irun, ó sì gba ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà lọ.

"Ẹ má dà á nù!" Èmi àti àǹtí mi la jọ kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá náà dúró gbagidi lójú fèrèsé, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rù ń bà á. Ó wò wá. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ tó ń dán ba, ó sì wo inú omi irun.